Ẹnì kan ṣoṣo lórí ìtàgé, iwin mẹ́rin: kí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nígbà Kérésìmesì?

Lọ́dọọdún, tí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, àwọn ará wa tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á bẹ̀rẹ̀ sí í rí irú ìpolówó kan lára ògiri ibùdó reluwé àti lórí fóònù wọn. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú àwòrán náà, ó wọ kóòtù dúdú ayé àtijọ́, àbẹ́là kan ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìtàn iwin ni, pé ẹnì kan ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀, pé ti Kérésìmesì ni. Àbúrò mi kan tó wà ní London fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo èyí. Ṣé ìwé ni ọkùnrin yìí fẹ́ kà fún wa ni, àbí eré ló fẹ́ ṣe? Báwo ni ẹnì kan ṣe fẹ́ dá a ṣe? Kí ló tún kan òkú nínú ọdún Jésù?"

Kò sí èyí tí kò mọ́gbọ́n dání nínú àwọn ìbéèrè rẹ̀. Mo fẹ́ràn eré yìí gan-an, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fojú fo ìpolówó rẹ̀ nítorí pé ó rú wọn lójú. Ohun tí mo kọ sí àbúrò mi ni mo tún wá ṣàlàyé síbí.

Kí là ń pè ní àsìkò Victoria, kí sì ni iwin?

Ẹ máa rí ọ̀rọ̀ náà "Victorian" lórí ìpolówó. Orúkọ Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n fi ń pe àsìkò náà, ẹni tó gorí ìtẹ́ ní 1837, tó sì wàjà ní oṣù Kìíní ọdún 1901. Ìtàn tí wọ́n bá kọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni ìtàn àsìkò Victoria. Tí ẹ bá fẹ́ fi ọdún tiwa wọ̀n ọ́n, àsìkò yẹn náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fọ́ Èkó ní 1851, tí wọ́n gba ìlú náà ní 1861, tí wọ́n sì fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Ọ̀rọ̀ iwin ló le díẹ̀. Òun ni mò ń lò nítorí pé òun ló súnmọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n kò bá a dọ́gba. Iwin tiwa lè máa gbé inú igi tàbí inú ọ̀gán láìjẹ́ pé ó fìgbà kan jẹ́ èèyàn rí. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òkú èèyàn ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í sì í ṣe àkúdàáyà. Àkúdàáyà á lọ sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á láya, á bímọ, á máa tajà lọ́jà, ẹ lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kẹ́ ẹ má mọ̀. Iwin inú ìtàn wọ̀nyí kì í rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Ilé kan, àtẹ̀gùn kan, ẹnu ihò reluwé kan, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí, bóyá nítorí pé nǹkan kan wà tí kò parí kó tó kú, tàbí nítorí pé nǹkan burúkú kan ń bọ̀ níbẹ̀. Ìdúrósójúkan yẹn wúlò fún òṣèré tó dá wà. Igun ìtàgé kan péré ti tó iwin láti gbé.

Kí ló kan òkú nínú ọdún Jésù?

Ojú ọjọ́ ni ká kọ́kọ́ wò. Ní London, nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í lù kí oòrùn tó wọ̀. Òtútù ò jẹ́ kéèyàn jáde. Ẹbí á kó ara wọn jọ síwájú iná inú yàrá, kò sí rédíò, kò sí tẹlifíṣọ̀n, ẹnu àgbà ló kù. Ìtàn abẹ̀rù nígbà òtútù ti wà lọ́dọ̀ wọn tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí Victoria. Alẹ́ làwa náà ń pàlọ́. Ẹni tó bá ti jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà rí, tí òkùnkùn wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò fẹ́ bojú wẹ̀yìn, ti mọ ìdí tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í fi í wọni lára lọ́sàn-án.

Ohun tí àsìkò Victoria mú wá ni ìwé ọ̀pọ̀ yanturu. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń yára sí i, àwọn tó mọ̀wé kà ń pọ̀ sí i, reluwé sì ń gbé ìwé ìròyìn dé ìlú kéékèèké. Ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1843 ni Charles Dickens, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, gbé ìwé rẹ̀ A Christmas Carol jáde. Ẹ̀dà 6,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti tán kó tó di ọjọ́ Kérésìmesì. Ìtàn ahun kan tó ń jẹ́ Scrooge ni. Lálẹ́ tí Kérésìmesì ku ọ̀la, Marley, tí wọ́n jọ ń ṣòwò, tó ti kú láti ọdún méje sẹ́yìn, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ẹ̀wọ̀n ló ń wọ́ nílẹ̀, àpótí owó, kọ́kọ́rọ́, àgádágodo àti ìwé ìṣirò ni wọ́n so mọ́ ẹ̀wọ̀n náà. Ẹ̀mí mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n fi àná, òní àti ọ̀la rẹ̀ hàn án. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ahun ti di ọlọ́wọ́ ṣíṣí.

Mo sọ èyí ní kíkún nítorí àwọn ará wa tó ń bẹ̀rù pé òkú ni wọ́n ń pè nínú gbọ̀ngàn náà. Wọn ò pe òkú, kò sí ètùtù, kò sí oògùn. Ìtàn ìrònúpìwàdà ni, ẹ sì lè gbọ́ irú rẹ̀ lórí pẹpẹ ìwàásù.

Lẹ́yìn ìwé yẹn, ìtàn iwin di ohun tí àwọn òǹkàwé ń retí lọ́dọọdún. Dickens ní ìwé ìròyìn tirẹ̀, ó sì máa ń ṣe àkànṣe ẹ̀dà fún Kérésìmesì. Ibẹ̀ ni Elizabeth Gaskell ti gbé The Old Nurse's Story jáde ní 1852, ibẹ̀ náà ni ti Amelia Edwards, The Phantom Coach, ti jáde ní 1864. Ní Dublin, Sheridan Le Fanu ń kọ tirẹ̀. Dickens nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, ó sì ń dùn mí, torí pé àwọn obìnrin pọ̀ nínú àwọn tó gbé irú ìtàn yìí ró, èyí tí Gaskell kọ sì ń já mi láyà ju ti Marley lọ.

Ṣé ìwé ni wọ́n ń kà, àbí eré ni wọ́n ń ṣe?

Méjèèjì ni, ọwọ́ Dickens fúnra rẹ̀ ló sì ti dàpọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1853, ó dúró nínú gbọ̀ngàn ìlú Birmingham, ó ka A Christmas Carol fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn, láti fi kó owó jọ fún ilé ẹ̀kọ́ kan. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ló fi kà á. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn náà, ó tún un kà fún àwọn òṣìṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n dín owó ìwọlé kù fún wọn. Láti 1858 ló ti wá sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ń gbowó lé lórí. Kó tó kú, ó ti kàwé báyìí fún èrò ju ìgbà 400 lọ. Nígbà tó gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 1867, àwọn èèyàn sun orí ìlà nínú òtútù nítorí tíkẹ́ẹ̀tì.

Tábìlì tó ń lò, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀: ó tẹ́ẹ́rẹ́, kó má baà bo ara rẹ̀, ó sì ní ibi tó lè fi ìgbọ̀nwọ́ tì. Ó to iná gáàsì sókè àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí gbogbo gbọ̀ngàn lè rí ojú rẹ̀. Ìwé wà níwájú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti há a sórí. Ó ti fi gègé pa ọ̀pọ̀ gbólóhùn rẹ́ nínú ẹ̀dà tirẹ̀, ó sì kọ irú ohùn tó yẹ kó lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Bó ṣe ń kà á lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò, tí ojú, ọwọ́ àti ohùn rẹ̀ wá ń sọ ohun tó yọ.

Kí ló dé tí kò kúkú kó òṣèré jọ? Ọ̀pọ̀ Kristẹni ayé ìgbà yẹn ka ilé eré sí ilé ẹ̀ṣẹ̀, wọn kì í dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó dúró nínú gbọ̀ngàn ìlú tó ń ka ìwé rẹ̀, ta ni yóò bá a wí? Ìyàwó àlùfáà lè wá, ó lè mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání. Bẹ́ẹ̀, eré pọ́ńbélé ni wọ́n wá wò. Iṣẹ́ náà sì gba agbára rẹ̀. Nígbà tó fi ìran ìpànìyàn kan láti inú Oliver Twist, ìwé rẹ̀ mìíràn, kún un, ìlù ọkàn rẹ̀, tí í máa jẹ́ 72 ní ìṣẹ́jú kan, máa ń fò kọjá 110. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1870 ló kà kẹ́yìn, ní London. Oṣù mẹ́ta kò pé tó fi kú.

Lónìí, oríṣi mẹ́ta lẹ ó bá pàdé. Nínú àkọ́kọ́, ìwé wà lọ́wọ́ ẹni náà, bíi ti Dickens. Nínú èkejì, kò sí ìwé rárá: òṣèré ti há gbogbo rẹ̀ sórí, ó sì ń di èèyàn kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń sọ ọ́, èyí tí mo máa ń pè ní eré adánìkanṣe. Ẹ̀kẹta ni èyí tí òṣèré ti múra bí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀, tó jókòó sórí àga bíi pé inú yàrá rẹ̀ lẹ wá kí i. Tí ìpolówó bá ní "reading", àkọ́kọ́ ni. Tó bá ní "one-man show" tàbí "solo", èkejì tàbí ẹ̀kẹta ni.

Báwo lẹ́nì kan ṣe ń di èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n?

Gerald Dickens, tí Charles Dickens jẹ́ baba ńlá rẹ̀, ti ń ṣe A Christmas Carol láti 1993, èèyàn 26 ló ń dà nínú rẹ̀. Patrick Stewart ṣe tirẹ̀ ní Broadway ní New York láti 1991, tábìlì, àga àti nǹkan díẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan ló kó wọlé. Èèyàn tó ju 50 lọ ni Jefferson Mays dà nígbà tó ṣe é níbẹ̀ ní 2022, òun sì lo iná, ohùn àti ẹ̀rọ ìtàgé gidi.

Kò sí pé òṣèré adánìkanṣe ń sáré lọ pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ibi tó ń wò ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Tí bàbá bá ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀, yóò wo ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Tí ọmọ bá fẹ́ dáhùn, yóò gbé ojú sókè sí ọwọ́ òsì. Lẹ́ẹ̀mejì péré tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ojú yín á ti mọ ibi tí ọmọ náà dúró sí àti bó ṣe ga tó, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èjìká: ti Scrooge á ká wọlé bíi ti ẹni tó ń di àpò owó mọ́ra, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ tó wá kí i kú ọdún á là gbàù. Ohùn ló wá kẹ́yìn. Òṣèré tí kò dáńtọ́ á fi ohùn nìkan ṣe é, á máa fi ohùn wínníwínní ṣe obìnrin, etí á sì tètè sú wa.

Asọ̀tàn ni òpó tó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Nínú eré elérò púpọ̀, asọ̀tàn kì í sábà sí, a kàn ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni. Nínú eré adánìkanṣe, ẹnì kan wà tó ń sọ fún wa tààrà pé òun rí i, etí òun ni, ojú òun ni. Báyìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìtàn iwin àsìkò Victoria ṣe rí nínú ìwé. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi rèé" ni ìbẹ̀rẹ̀ wọn. Ẹnì kan ni wọ́n fi sẹ́nu láti ìpilẹ̀, nítorí náà kì í ṣe pé òṣèré ń gé ìtàn kúrú láti lè dá a ṣe. Ibi tí ìtàn ti wá ló ń dá a padà sí.

Iwin ńkọ́? Ẹ̀mí kẹ́ta nínú A Christmas Carol kì í sọ̀rọ̀, ó kàn ń na ìka ni. Òṣèré lè na apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó dákẹ́, kó wá padà di Scrooge tó ń wo apá yẹn. Ojú Scrooge la fi ń rí i. Ohun tí olúkúlùkù wa bá sì fi sórí apá yẹn nínú òkùnkùn, ẹ̀rù tirẹ̀ ni.

Ìtàn kan tí ọ̀fun kan ṣoṣo yẹ jù

Tẹ́ ẹ bá máa wo ẹyọ kan, The Signal-Man ni mo máa sọ fún yín. Mo máa sọ ìparí rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo àlàyé mi wà. Dickens gbé e jáde ní 1866. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1865, reluwé tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀ já láti orí afárá kan ní Staplehurst ní Kent. Èèyàn mẹ́wàá kú, ó wà lára àwọn tó ń fún àwọn tó fara pa lómi mu. Ẹ̀rù reluwé kò kúrò lára rẹ̀ mọ́, ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà náà ló sì kú, ọdún márùn-ún géérégé lẹ́yìn ìjàǹbá náà.

Nínú ìtàn yìí, ọkùnrin kan dúró lókè ọ̀gbun jíjìn tí reluwé ń gbà kọjá. Nísàlẹ̀, lẹ́nu ihò tí ojú irin gbà wọnú òkè, òṣìṣẹ́ reluwé kan wà tó ń fi àsíá àti iná júwe fún awakọ̀ bóyá ọ̀nà là. Ọkùnrin tó wà lókè ké sí i pé, "Ẹ ǹlẹ́ o! Ìwọ tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn!" Òṣìṣẹ́ náà kò gbójú sókè. Ẹnu ihò ló kọjú sí.

Ó pẹ́ ká tó mọ ìdí rẹ̀. Ohun kan ti máa ń dúró lẹ́nu ihò yẹn, ó fi apá kan bojú, ó ń ju èkejì, ó sì ti ké irú ọ̀rọ̀ kan náà sí i rí: ìwọ tó wà nísàlẹ̀, ṣọ́ra! Ìgbà àkọ́kọ́ tó yọ, wákàtí mẹ́fà kò pé tí reluwé fi ní ìjàǹbá lójú irin yẹn. Ìgbà kejì, ọmọbìnrin kan kú nínú reluwé. Ní báyìí ó tún ti dé, òṣìṣẹ́ náà kò sì mọ ohun tó ń bọ̀. Ta ni yóò kìlọ̀ fún? Tó bá ránṣẹ́ pé ewu wà, wọ́n á bi í pé ewu kí ni, níbo? Ìyà ọkàn rẹ̀ yìí ló ń bà mí lẹ́rù ju iwin náà lọ, ẹni tó mọ̀ pé aburú ń bọ̀ tí kò sì lè ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí asọ̀tàn padà débẹ̀, ẹ́ńjìnnì reluwé ti pa òṣìṣẹ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Awakọ̀ sọ ohun tó ké sí i: "Ìwọ tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀! Ṣọ́ra! Nítorí Ọlọ́run, kúrò lọ́nà!" Ó ní òun fi apá kan bojú kí òun má baà rí i, òun sì ń ju èkejì títí dé òpin. "Nítorí Ọlọ́run, kúrò lọ́nà" yẹn, asọ̀tàn fúnra rẹ̀ ti rò ó lọ́kàn tẹ́lẹ̀ nígbà tó ń gbọ́ nípa iwin náà, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wò ó. Àlejò ké e, iwin ké e, awakọ̀ ké e. Tí òṣèré mẹ́ta bá ṣe é, ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tí ẹ bá kà á nínú ìwé, kò ní ohùn rárá. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan ṣoṣo bá dúró síwájú yín, ọ̀fun kan náà ni igbe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jáde, apá kan náà ló ń gòkè bojú. Nígbà tí awakọ̀ bá fi máa ké e, ara yín á ti mọ̀ ọ́n kí ọpọlọ tó mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tí wọn ò fi iwin gidi hàn wá?

Wọ́n mọ ọ̀nà rẹ̀ láti ayé Victoria. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1862, ní Royal Polytechnic ní London, ọ̀jọ̀gbọ́n John Henry Pepper fi iwin hàn lórí ìtàgé nínú ìran kan láti inú ìwé Dickens. Dígí ńlá kan ni wọ́n dá ní ìdagun síwájú ìtàgé, òṣèré kan fara pamọ́ sísàlẹ̀ níbi tí iná líle ń tàn sí i lára, àwòjíìjí rẹ̀ sì hàn lórí dígí bí ẹni tó dúró láàárín àwọn tó kù. Ẹni tó bá ti dúró nínú yàrá tó tan iná lálẹ́, tó rí ara rẹ̀ lójú fèrèsé bíi pé òun wà níta, ti rí iṣẹ́ Pepper. Henry Dircks ló kọ́kọ́ ronú kan ọgbọ́n náà, orúkọ Pepper ló mọ́ ọn lára.

Eré adánìkanṣe gba ọ̀nà kejì. M. R. James, ọ̀mọ̀wé kan ní King's College ní Cambridge, máa ń ka ìtàn tó kọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálẹ́ tí Kérésìmesì bá ku ọ̀la. Yóò jáde wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, yóò fẹ́ gbogbo àbẹ́là pa àfi ẹyọ kan, yóò jókòó, yóò bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń kà wọ́n fún ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ láti 1893, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1904 ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí iwin jáde, tí Victoria ti lọ. Láti 2005 ni Robert Lloyd Parry ti ń múra bíi James, tó ń sọ àwọn ìtàn náà lábẹ́ iná àbẹ́là. Tí àbẹ́là bá mì, òjìji mì. Mi ò rí ẹ̀rọ tó ṣe iṣẹ́ yẹn jù ú lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí ìwé rẹ̀ máa ń parí ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Dickens, Gaskell, Edwards, Le Fanu, gbogbo wọn ti kọjá bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ẹnikẹ́ni lè mú ìtàn wọn lò láìsan kọ́bọ̀. Òṣèré kan, àpótí kan, tíkẹ́ẹ̀tì reluwé kan, ó ti délé ìkàwé, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì abúlé. Ṣùgbọ́n bí òṣèré kan ṣe tún ìtàn náà tò fún ìtàgé, tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi fóònù gbà á sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

A Christmas Carol dára fún ọmọdé tó bá ti lè jókòó jẹ́ẹ́. Ti James àti The Signal-Man, ẹ jẹ́ kí ọmọ dàgbà díẹ̀. Ẹ tètè dé, torí pé nínú òkùnkùn tí ẹnì kan ṣoṣo ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn tó ṣí lẹ́yìn á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe bíi ti àlọ́ tá a ó máa gbe orin, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín ni òṣèré ń gbára lé, ó sì ń gbọ́ ọ. Tí owó bá wà, ẹ ra ìjókòó tó súnmọ́ iwájú, kẹ́ ẹ lè máa rí ojú rẹ̀ àti ibi tó ń wò. Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi náà nìyẹn, ó sì ti ra méjì ní ìlà kejì.